Kì í ṣe aṣọ́lé ló lé wa kúrò nínú ìdíje

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti ìgbà tí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ti já nínú ìdíje àwọn iléèwé gíga, kò sí ibi tí èèyàn yà sí ní Ìbàdàn, láti Sángo títí dé Agbowó, tí wọn kì í ti bú aṣọ́lé. Wọ́n ní ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, rẹfirí fún àwọn alátakò ní kọ́nà, kọ́nà sì di góòlù. Òótọ́ ni, gbogbo wa la rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá ẹjọ́ náà dúró síbẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló gbá mú, kò tíì kan iwájú rẹ̀. Nǹkan ti bàjẹ́ kí bọ́ọ̀lù yẹn tó dé ọwọ́ aṣọ́lé.

Òfin ọ̀hún gan-an, ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í sọ. Wọ́n ṣì ń ka ìṣẹ́jú àáyá 6, bẹ́ẹ̀ ti àtijọ́ nìyẹn. Láti oṣù keje ọdún 2025 ni IFAB, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù fún gbogbo ayé, ti yí i padà: aṣọ́lé tó bá di bọ́ọ̀lù mọ́wọ́ kọjá ìṣẹ́jú àáyá 8, kọ́nà ni rẹfirí máa fún àwọn alátakò. Lábẹ́ òfin àtijọ́, fíríkíìkì tí wọn kò lè gbá sáwọ̀n tààrà ni ìyà rẹ̀, nínú àpótí ńlá iwájú ilé níbẹ̀, ìyẹn sì le débi pé àwọn rẹfirí kì í fẹ́ẹ́ fọn fèrè sí i rárá. Kọ́nà kò le lójú wọn, wọ́n ń fún un. Rẹfirí á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè, á máa fi ìka ka ìṣẹ́jú àáyá 5 tó gbẹ̀yìn, tí ìka bá ti tán, ó tán nìyẹn. Kíka kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí aṣọ́lé ṣì wà nílẹ̀ tàbí tí alátakò dí i lọ́nà. Ó di ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dúró dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì lè jù ú.

Aṣọ́lé wa mọ òfin yìí. Ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù sí ni kò rí. Ẹ fi ojú inú wo bó ṣe rí: a ti fi góòlù kan ṣáájú wọn, ó ku bí ìṣẹ́jú 15. Aṣọ́lé mú bọ́ọ̀lù, ó wo ọ̀tún. Agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún wa tẹ̀ bá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú. Ó wo òsì. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lápá òsì wa ń rìn bọ̀ láti iwájú bí ẹni tó ń ti ọjà Bódìjà bọ̀, tí ẹrù wà lórí. Àwọn ti àárín kẹ́yìn sí i. Tó bá ní kí òun gbá a jìnnà, atamátàsé wa kan ṣoṣo tó wà níwájú ti ń tiro láti abala àkọ́kọ́. Níbi tó ti ń wo ọ̀tún wo òsì yìí ni ìka rẹfirí ti tán.

Kí ló dé tó rẹ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 3 láàárín ọjọ́ 5 ni. Lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gbá bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú 90, oúnjẹ agbára tó wà nínú iṣan ẹsẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kì í sì í padà sípò kí wákàtí 48 sí 72 tó pé, pàápàá tí onítọ̀hún kò bá jẹun dáadáa. Ikọ̀ tó bá mọ̀ pé bí ìdíje ṣe máa rí nìyí á ti pín àwọn ọmọ rẹ̀: ẹni 4 tàbí 5 á sinmi nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì. Tiwa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn 11 kan náà ló gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn èèyàn bú akọ́nimọ̀ọ́gbá nítorí èyí, wọ́n ní olórí kunkun ni. Ẹ jẹ́ ká wo bẹ́ǹṣì rẹ̀ náà. Òfin gbà pé kí a pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù 5, nígbà 3 péré tí eré bá dúró, ìsinmi ìdajì eré kò sí nínú kíkà. Àwọn 14 péré ló wọ aṣọ fún wa lọ́jọ́ náà, aṣọ́lé kejì sì wà nínú wọn. Nígbà náà, ẹni 2 péré ló kù tí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè fi rọ́pò. Àwọn tó kù ńkọ́? Wọ́n wà ní ìta pápá nínú aṣọ ilé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Tábìlì àyẹ̀wò ni wọ́n já sí.

Ibí yìí gan-an ni ìdíje ti bọ́ lọ́wọ́ wa, kò sì sí bọ́ọ̀lù kankan nílẹ̀ nígbà náà. Ìdíje iléèwé kì í ṣe bọ́ọ̀lù àdúgbò tí ẹnikẹ́ni lè wọ bàtà wọlé sí. Wọ́n ní láti rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́ lóòótọ́. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè kò pọ̀: káàdì ìdánimọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ti lù lóǹtẹ̀, ẹ̀rí pé a ti san owó iléèwé, àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Èyí tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì. Agbábọ́ọ̀lù tó ń lọ gbáradì láago mẹ́rin lójoojúmọ́ kì í bá ọ̀gá tó ń buwọ́ lù ú ní ọ́fíìsì, nígbà tó bá sì fi ráyè, sáà ti lọ jìnnà. Orúkọ náà tún jẹ́ wàhálà: orúkọ tó wà lórí káàdì lè yàtọ̀ sí ti orí fọ́ọ̀mù, ó lè jẹ́ lẹ́tà kan péré, tábìlì á sì ní kí ó lọ. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó ń bójú tó ikọ̀ ní fáìlì kan, kí ó ra páálí fáìlì olówó pọ́ọ́kú fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, kí ó sì gba ẹ̀dà 3 ìwé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kejì tí iléèwé bá wọlé, kí wọ́n má dúró de ọ̀sẹ̀ ìdíje. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni.

Ní ti ìgbáradì, a kò lè sọ pé àwọn ọmọ wa ya ọ̀lẹ. Wọ́n sáré. Bí wọ́n ṣe sá a ni kò dára: ìyípo pápá 10, ìyípo 15, ní ìwọ̀n kan náà, bíi ti ẹni tó fẹ́ lọ sá eré ọ̀nà jíjìn. Bọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn á ta mọ́ eré, á dúró, á rìn, á tún ta mọ́ ọn. Ohun tó bá a mu ni kí wọ́n fi eré kíkankíkan sá a fún ìṣẹ́jú 4, kí wọ́n rọra sá ìṣẹ́jú 3, kí wọ́n ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Tí sísáré lásán bá sú wọn, kí wọ́n pín ara wọn ní 4 sí 4 nínú pápá kékeré, kí wọ́n gbá a fún ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin náà, ẹ̀mí wọn á sì gbóná bákan náà. Ẹni tó bá ṣì lè máa sọ ìtàn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu eré yẹn, kò tíì sáré.

Ti atamátàsé tó ń tiro, iṣan ẹ̀yìn itan ni. Ibẹ̀ ló máa ń fà ya jù fún ẹni tó ń ta mọ́ eré lójijì, àgàgà bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń fún un lágbára kò gba owó. Kí agbábọ́ọ̀lù kúnlẹ̀ sórí nǹkan rírọ̀, kí ẹnìkejì di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kí ẹni tó kúnlẹ̀ na ara gbọọrọ láti orúnkún dé orí, kí ó máa rọra wólẹ̀ síwájú, kí ó máa fi ẹ̀yìn itan fa ara rẹ̀ padà títí ipá kò fi ní ká a mọ́, kí ó wá fọwọ́ gbé ara kalẹ̀. Márùn-ún péré ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á tẹ ìbàdí, ìdí á yọ sẹ́yìn, iṣan tí wọ́n ń wá kò sì ní ṣiṣẹ́. Àṣìṣe kejì burú jù: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdíje. Itan á ro wọ́n gan-an lọ́jọ́ kejì, wọn kò sì ní lè sáré. Ìdárayá kíkúnlẹ̀ yìí wà nínú ìmúra ìṣẹ́jú 20 tí FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ń pè ní 11+, èyí tí wọ́n ń ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀: sísáré ìṣẹ́jú 8, iṣẹ́ agbára àti ìdúróṣinṣin ìṣẹ́jú 10, eré kíkankíkan ìṣẹ́jú 2.

Oúnjẹ ńkọ́? Aago mẹ́rin ni eré, aago méjì ni wọ́n jẹ àmàlà. Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí àmàlà o, Ìbàdàn la wà. Àkókò ló jẹ̀bi. Oúnjẹ tó kún inú gbọ́dọ̀ ti wọlé ní wákàtí 3 sí 4 ṣáájú eré, kí ọbẹ̀ má sì ní epo jù. Tó bá ku wákàtí kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó. Omi tí wọ́n ń mu nínú oòrùn yẹn náà, omi lásán ni. Kí wọ́n po èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kọ́ àwọn ìyá ọmọ: ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ojú ṣíbí tẹ́jú, sínú lítà 1 omi mímọ́. Píọ́wọ́tà 2 ni lítà kan. Ẹni tó bá fi iyọ̀ kún un kọjá èyí ń ṣe ìbàjẹ́ ni.

Ó wá ku kọ́nà ọ̀hún fúnra rẹ̀. Bí a ṣe ń dí kọ́nà ní gbogbo sáà náà dára, a kò sì jẹ góòlù kankan níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ẹnì kan á dúró ti òpó tó sún mọ́ ẹni tó ń gbá kọ́nà. Ẹni 3 á tò sórí ìlà àpótí kékeré iwájú òpó. Ẹni 4 á mú alátakò mẹ́rin tó ga jù, ẹnì kan á wà létí àpótí ńlá fún bọ́ọ̀lù tó bá ta padà, ẹnì kan á dúró níwájú. Mẹ́wàá pé. Lọ́jọ́ náà, kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí akọ́nimọ̀ọ́gbá pààrọ̀ ẹni 2 lẹ́ẹ̀kan náà tí rẹfirí fi fún wọn ní kọ́nà. Ọ̀kan nínú àwọn tó jáde ló ń mú ọmọkùnrin gíga tó ń wọ aṣọ nọ́ńbà 5 wọn. Ẹni tó wọlé rọ́pò rẹ̀ kò gbọ́ ohunkóhun lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó sáré wọlé, ó dúró síbi tó rí i pé àyè wà, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Nọ́ńbà 5 gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó fò nìkan, ó fi orí kàn án. Aṣọ́lé ni wọ́n tún bú.

Ìwé pélébé kan ni oògùn rẹ̀. Kí wọ́n kọ ipò mẹ́wàá kọ́nà sí i, kí orúkọ ẹni tó wà nínú pápá àti orúkọ ẹni tó lè rọ́pò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí ẹni tó fẹ́ wọlé kà á sókè sétí igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá kí ó tó bọ́ aṣọ òtútù: “Èmi ni mo mú nọ́ńbà 5.”

Ẹnìkejì tó jáde lọ́jọ́ náà ló máa ń gbá pẹ́náritì fún wa, ẹni tó ń mú nọ́ńbà 5 náà sì wà nínú àwọn márùn-ún tí a máa ń lò. Nígbà tí eré parí ní ọ̀mì 1–1, tí wọ́n sì gba orí pẹ́náritì lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òfin kò gba ẹni tó bá ti jáde láyè mọ́. Àwọn tó wà nínú pápá nígbà tí fèrè ìparí dún nìkan ló lè gbá a. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ara wọn níwájú gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lápá òsì, tí a ti sọ pé ó ń rìn bí aláàárù, òun ló gbá ẹkẹta. Mítà 11, ẹsẹ̀ tó ti kú. Bọ́ọ̀lù lọ sókè bí ẹyẹ.

Kò sí ẹni tó máa sọ pé sáà náà kò dùn. Ọmọ tó wà ní apá ọ̀tún iwájú yẹn, tí ó bá ti gba bọ́ọ̀lù báyìí, àwọn àgbà tó mọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí nígbà tó wà ní Poli Ìbàdàn, tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún IICC, ìyẹn ikọ̀ Shooting Stars Ìbàdàn, á máa wo ara wọn. Ìlú tí ikọ̀ rẹ̀ yìí gba ife-ẹ̀yẹ African Cup Winners' Cup lọ́dún 1976, tí yunifásítì rẹ̀ sì gbàlejò NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, àkọ́kọ́ lọ́dún 1966, kì í fojú kékeré wo bọ́ọ̀lù akẹ́kọ̀ọ́. Ìdí nìyẹn tí ariwo fi pọ̀ báyìí.

Wọ́n ní wọ́n fẹ́ yọ aṣọ́lé, kí wọ́n fi èkejì rọ́pò. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi èkejì bóyá wọ́n ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì tirẹ̀.

Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù iléèwé,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.