Ẹ Fún Wọn ní Yàrá Tó Nílẹ̀kùn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yàrá kan ṣoṣo ni mo bá wá, fún àwọn tó ń jókòó ti ẹni tí ẹ̀rù ohun tójú rẹ̀ ti rí kò jẹ́ kó sùn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn bọ̀ díẹ̀.

Ọkọ mi wà ní gáréèjì Nyanya ní Àbújá láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014, tí bọ́ǹbù bú níbẹ̀. Ó ti wọ bọ́ọ̀sì, ó tún sọ̀ kalẹ̀ nítorí àkàrà. Àwọn tó kú lé ní 70. Ojú ọgbẹ́ kékeré kan ní apá ni tirẹ̀, ìyẹn sì jinná kí oṣù náà tó parí. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé, "Ọlọ́run ló yọ yín, ẹ má rò ó mọ́." À ń ṣe àmín. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òmíràn tún bú nítòsí ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi kò ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Orí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló ń sùn, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Ọmọ Kàbbà ni wá. Ẹni tó bá mọ àwa Òkun, ó mọ ohun tí iyán jẹ́ fún wa. Ọdún méje gbáko ni mi ò fi gún iyán nílé mi. Bí ọmọ odó bá balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan báyìí, ọkọ mi á ti wà lábẹ́ tábìlì. Àwọn ọmọ ń pa ilẹ̀kùn dé bí olè. Tó bá ti di Kérésì, tí wọ́n bá ń yin bángà ládùúgbò, a ó kó ẹrù, ó di oko bàbá mi lẹ́yìn Kàbbà. Èmi gan-an, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ìsàlẹ̀ jágbe mọ́ ọmọ.

A gbàdúrà, a gbààwẹ̀. Ẹnì kan ní kí n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de wèrè. Ọkọ mi kì í ṣe wèrè! Ohun tó ń ṣe é lórúkọ. PTSD làwọn dókítà ń pè é, ìyẹn àìsàn ọkàn tí àjálù máa ń fi sílẹ̀ lára ẹni, ọdún 1980 ni wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn táwọn sójà ti Vietnam dé tí ogun kò kúrò lójú wọn. Ta ni ì bá sọ fún mi?

Ìyá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló dá a mọ̀, lọ́jọ́ tí àga ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun àtàwọn bíi méje mìíràn máa ń pàdé ní Sátidé: tíṣà wà níbẹ̀, télọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Gbagyi, Alhaji kan tó ń bá àwọn tó sá wá láti Borno sọ Hausa. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wọn. Wọn ò bi ọkọ mi pé kí ló ṣẹlẹ̀. "Tó bá yá yín, ẹ ó sọ," ló parí. Èmi ni Màmá kọjú sí. "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ń sùn?" Ọdún méje, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sunkún títí gèlè mi fi tú.

Dókítà tó ń tọ́jú ọkọ mi báyìí, àwọn ló mú wa débẹ̀. Wọ́n máa ń tẹnu mọ́ ọn pé àwọn kì í ṣe dókítà; ẹni tọ́rọ̀ rẹ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á tẹ̀ lé e dé ilé ìwòsàn, títí dé ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Barnawa ní Kàdúná. Ọ̀rọ̀ iyán wá ńkọ́? Màmá ní kí n sinmi, kí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ gún un, ìgbà mẹ́ta péré lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kókó ló kún inú rẹ̀. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ní irú èyí kò sí lábẹ́ òfin ìṣègùn, kó wo Zimbabwe, níbi tí Dókítà Dixon Chibanda ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà láti ọdún 2006 kí wọ́n lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n fetí sí ẹni tí àròjù ń dà láàmú. Tiwa gan-an ńkọ́? Ní Aro l'Ábẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ń fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, tẹbí tará sì ń bá wọn gbé níbẹ̀.

Kíláàsì ilé ìwé aládàáni kan ni wọ́n ń lò. Lọ́dún yìí, ẹni tó nilé ìwé tì í pa: òun ò fẹ́ wèrè nínú ọgbà òun. Abẹ́ igi máńgòrò létí títì ni wọ́n wà báyìí. Àwọn tírélà tó ń bọ̀ láti Keffi ń kọjá. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, táyà kan bẹ́, ènìyàn mẹ́rin ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀. Obìnrin wo ló máa sọ ohun tójú ẹ̀ ń rí lóru, tí ẹlẹ́ran súyà ń gbọ́ ọ?

Ilé ìwòsàn alábọ́dé kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí yàrá ìpàdé rẹ̀ ṣófo ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Wọ́n ní kí n mú lẹ́tà wá, mo mú un wá. Wọ́n ní kí n mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wá. Nígbà kẹta, ọ̀gá ò sí nílé. Bẹ́ẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari ti fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò ti ọdún 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè.

Aago mẹ́wàá sí aago kan ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n á gbálẹ̀ yàrá náà kí wọ́n tó lọ. (Owó ọkọ̀ wọn, lẹ́tà mìíràn nìyẹn.) Ọkọ mi ní bí àga bá wọ́n wọn, òun á máa gbé ti ilé wá. Ilẹ̀kùn nìkan ni òun ò rí gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ orúkọ mi jáde.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Nyanya, Àbújá