Wọ́n ní ọrọ̀ ajé ò ní í dẹnu kọlẹ̀, ọjà wo làwọn ń ná?

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Inú ló ń bí mi. Àwọn ọ̀gá ìjọba tún bọ́ sórí rédíò láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kò sí rìsẹ́ṣọ̀n kankan tó ń bọ̀, ìyẹn kí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè máa lọ sẹ́yìn, pé ọrọ̀ ajé wa ń gbèrú ni. Níbo ló ti ń gbèrú? Aṣọ ọmọdé ni mò ń tà n'Íbàdàn níbí, àwọn kọ́sítọ́mà tó máa ń ra mẹ́ta mẹ́rin kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, ẹyọ kan ni wọ́n ń ná báyìí, wọ́n á ná an tán, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, a ò ní í rí wọn mọ́.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí kì í lọ sọ́jà! Ó dìgbà tí ìṣirò wọn lórí ọrọ̀ ajé bá lọ sẹ́yìn fóṣù mẹ́fà gbáko kí wọ́n tó gbà pé nǹkan ti bàjẹ́. Ṣé ẹ rántí 2016? Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, wọ́n ń fọ́ páìpù ní Niger Delta, dọ́là wọ́n bí ojú, oṣù kẹjọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kéde rìsẹ́ṣọ̀n, ebi ti ń pa wá tipẹ́.

Lójú tèmi o, kí rìsẹ́ṣọ̀n tó dé, oúnjẹ ni ká kọ́kọ́ múra ẹ̀ sílẹ̀. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń yáwó ṣe ìnáwó o, èyí tó máa ra oúnjẹ ni. Ká máa dáwó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n bá ti kórè àgbàdo, ká háyà ọkọ̀ lọ sí Òkè-Ògùn, ká rà á lápòlápò lọ́wọ́ àgbẹ̀ fúnra ẹ̀, ká sá a kó gbẹ dáadáa kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, ká wá tọ́jú ẹ̀ di ìgbà tó bá wọ́n. Gàrí náà ńkọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí akọ̀wé sì máa ka ìwé owó sétí gbogbo wa lóṣooṣù. Ṣọ́ọ̀bù ìjọba ìbílẹ̀ tó ṣófo pọ̀ nígboro, kí wọ́n fún wa lò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yáwó orí fóònù. Kí ìjọba náà dín ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé wọn kiri kù.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò yìí, kí wọ́n gbówó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù, ₦70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ lọ́dún 2024, kí wọ́n fi ná ọjà Bódìjà fóṣù kan, kí wọ́n tó tún padà wá bá wa sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn