Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n tó ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá tanátaná ní Prospect Park

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kò mọ̀ mí. Èmi ni mo jókòó sórí koríko ní Long Meadow, pápá ńlá inú ọgbà ìtura Prospect Park ní New York, lálẹ́ Sátidé, nígbà tí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ méjì yẹn ń sáré kiri. Mo gbọ́ tí ẹ ń pariwo pé "Òun nìyẹn! Ẹ tètè!", ni mo fi mọ̀ pé ará ilé ni yín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò já lu èèyàn nínú òkùnkùn ní Brooklyn? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì yẹn ni. Ibi tí ẹ bá ti tàn án sí, tanátaná ibẹ̀ á dákẹ́, ẹ ó wá máa sọ fáwọn ọmọ pé wọ́n ti lọ. Wọn ò lọ o.

Photinus pyralis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe irú tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹfà sí ìkeje. Akọ ló ń fò. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, á tanná bó ṣe ń gòkè padà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì yọ bíi lẹ́tà J. Lẹ́yìn náà á ṣókùnkùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5 tàbí 6. Ó ń retí èsì ni. Abo jókòó jẹ́ẹ́ sórí koríko ní tiẹ̀. Bí akọ bá wù ú, á dúró bí ìṣẹ́jú àáyá 2, á wá tàn lẹ́ẹ̀kan péré. Akọ á yà síbẹ̀, á tún bi í, abo á tún fèsì, títí akọ á fi bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èsì yẹn ni fóònù yín ń bò mọ́lẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn òde ìnáwó. Àyè wọn kò sì pọ̀! Nínú ilẹ̀ ni wọ́n ti lo ọdún kan sí méjì, tí wọ́n ń jẹ ìgbín àti ekòló. Lẹ́yìn tí wọ́n bá hu ìyẹ́, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù.

Àwọn ọmọ á gbádùn èyí: irú kan wà tó ń jẹ́ Photuris, ọ̀dàlẹ̀ gidi ni. Lọ́dún 1965 ni James Lloyd, onímọ̀ nípa kòkòrò, ṣàlàyé ìwà rẹ̀ fáyé gbọ́. Abo rẹ̀ ń fèsì bí ẹni pé abo Photinus lòun. Akọ á rò pé ìyàwó lòun ń lọ fẹ́, àṣé oúnjẹ alẹ́ lòun fúnra òun. Májèlé tó wà lára akọ tó jẹ náà ni abo Photuris sì ń fi dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ aláǹtakùn.

Ẹ̀yin náà lè ṣe irú ẹ̀tàn yẹn láìpa ẹnikẹ́ni. Ẹ wá ibi tí iná òpó kò dé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré, kì í ṣe ti fóònù, kí ẹ fi ìka bo ojú rẹ̀ kó lè ṣe bàìbàì, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú koríko. Bí akọ bá ti tàn tán, ẹ ka ení, èjì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì pa á kíá. Bó bá wọ̀ ọ́ lójú, á yà sọ́dọ̀ yín.

Mo gbọ́ tí àbúrò wọn ń béèrè bóyá tanátaná á jó òun lọ́wọ́. Ẹ bá mi sọ fún un pé kò ní jó o, ìmọ́lẹ̀ yẹn kò lóoru rárá. Kó ṣáà jẹ́ kó fò lọ tó bá ti wò ó tán.

Èmi ni,
Aládùúgbò yín