Lẹ́tà Sí Ẹ̀yin Tí Àbúrò Yín Kì Í Gbọ́ràn

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Bí lẹ́tà yìí bá gùn, ẹ fara dà á. Àgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá kì í tètè dákẹ́.

Fíìmù kan ni mo wò lálẹ́ Sátidé tí oorun fi dá lójú mi. A River Runs Through It ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1992 ló jáde, Robert Redford ló darí rẹ̀, Brad Pitt ló sì ṣe àbúrò níbẹ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì jọ ti ọmọdé. Ìlú Missoula ní ìpínlẹ̀ Montana, lápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Àlùfáà ìjọ Presbyterian ni bàbá. Ọmọkùnrin méjì ló bí: Norman ni ẹ̀gbọ́n, Paul ni àbúrò. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ẹja pípa ló sì fi tọ́ wọn.

Ẹ má rò pé àwọ̀n tàbí ìgèrè ni o. Ìwọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí ekòló lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú ni wọ́n fi ń di ìwọ̀ yẹn títí yóò fi jọ kòkòrò tó bà sójú omi. Ohun tó fúyẹ́ báyẹn kò ṣeé jù jìnnà, nítorí náà okùn gan-an ni wọ́n ń jù. Wọn a fi ọ̀pá gbé okùn sẹ́yìn, wọn a dúró díẹ̀ kó nà tán, wọn a tún dá a padà síwájú. Bàbá gbé ẹ̀rọ tí àwọn olórin fi ń ka ìlù sórí koríko, ó ní kí àwọn ọmọ máa fi ju okùn: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Norman kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe fi hàn án. Paul náà kọ́ ọ, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó fi ìlù bàbá sílẹ̀, ó dá tirẹ̀. Tó bá wà lórí àpáta láàárín odò, tí okùn ń yí po lókè orí rẹ̀, tí omi ń ta jáde lára okùn náà bí èéfín, Norman fúnra rẹ̀ a dúró, a máa wò ó.

Paul yìí ló jókòó ti àwo ògì ọ́ọ̀tì ní kékeré, tó ní òun kò ní jẹ ẹ́. Bàbá ní kò ní dìde àfi tó bá jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ wákàtí kọjá. Bàbá ló gbà. Ta ló fẹ́ fi agídí ṣẹ́gun irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Norman lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth níhà ìlà-oòrùn. Paul kò kúrò ní Montana, ó di akọ̀ròyìn. Lẹ́yìn náà ni ọtí dé, tẹ́tẹ́ dé, gbèsè dé. Lóru ọjọ́ kan, ọlọ́pàá ránṣẹ́ sí Norman pé kó wá mú àbúrò rẹ̀ lágọ̀ọ́. Norman bi í bóyá ó nílò owó. Paul yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn.

Àwọn kan wo fíìmù yìí, wọ́n ní ọ̀lẹ ni Norman, pé ó yẹ kó le mọ́ ọn. Èmi kò gbà. Ẹ wo ohun tó ṣe: ó bá a lọ sódò. Ibi tí Paul ti jẹ́ ọ̀gá ló lọ bá a sí, kì í ṣe ibi tó ti ń ṣubú. Norman bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun lọ sí Chicago, Paul ní òun kò ní kúrò ní Montana láéláé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n lù ú pa. Wọ́n sọ fún bàbá pé egungun ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Bàbá béèrè ọwọ́ wo. Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ tó fi ń ju okùn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àròsọ lásán. Norman Maclean gbé ayé, ó kọ́ni ní yunifásítì Chicago, ọdún 1938 ni wọ́n sì pa Paul àbúrò rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Chicago ni wọ́n pa á sí, kì í ṣe Montana. Nígbà tí ìwé tó kọ nípa rẹ̀ fi máa jáde ní 1976, ó ti pé ọmọ ọdún 73. Ọdún 38 ló fi gbé ikú yẹn sínú.

Èmi náà ní àbúrò kan, ọmọ ìyá mi. Téló ni. Kì í lo ṣọ́ọ̀kì, ojú ló fi ń wọn agbádá. Ọtí ló bà á jẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìmọ̀ràn ni mo ń gbé lọ, n kì í tilẹ̀ jókòó, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Á ní, “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi,” á tún tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ. A ní ọwọ́ òsì ni à ń fi bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Èmi, òsì nìkan ni mo mọ̀ ọ́n lò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní kí n jókòó kí n wo bí òun ṣe fẹ́ gé ọrùn agbádá kan, pé téèyàn bá fi ìbú ìka kan ṣì í, aṣọ ti bàjẹ́. Mo ní ìpàdé ẹgbẹ́ ń dúró dè mí. Títí di òní, n kò rántí ohun kan ṣoṣo tí a sọ ní ìpàdé yẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó bá àbúrò yín wí, ẹ lọ jókòó tì í nídìí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ì báà jẹ́ bọ́ọ̀lù, ì báà jẹ́ ìlù, ì báà jẹ́ ọbẹ̀ tó ń sè. Ẹ jẹ́ kó kọ́ yín. N kò sọ pé yóò gbà á là o, Norman ṣe é, Paul sì kú. Ṣùgbọ́n Norman rí i dáadáa kí Paul tó lọ.

Ní ìparí fíìmù náà, Norman ti di arúgbó, òun nìkan ló dúró nínú omi, ó ń fi ìka tó ti gbó so ìwọ̀ mọ́ okùn. Àlùmọ́gàjí àbúrò mi wà lọ́wọ́ mi. Tí àkókò òjò bá dé, mo máa ń fi epo pa á kó má baà dípẹtà. N kò fi gé nǹkan kan rí.

Èmi ni,
Bàbá yín.