Kí Ẹ̀kọ́ Ojú Ọjọ́ Tó Dé Yúróòpù, Ẹ Jẹ́ Kó Kọ́kọ́ Ré Ṣẹ̀mẹ̀ Kọjá

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ gbé jáde nípa bí wọ́n ṣe fẹ́ kí àwọn tíṣà ilẹ̀ wa àti tòkè òkun jọ máa kọ́ àwọn ọmọ nípa ìyípadà ojú ọjọ́ àti bó ṣe ń lé èèyàn kúrò nílùú wọn, inú mi dùn sí i gan-an, ṣùgbọ́n Àgbádárìgì níbí, nítòsí Ṣẹ̀mẹ̀ tó jẹ́ ẹnubodè àwa àti Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti ń ṣe tíṣà, ọ̀rọ̀ yìí sì kan ẹnu ọ̀nà wa, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Àjọ kan láti òkè òkun ti ṣe irú ẹ̀ fún wa rí. Orí Zoom ni, dátà tiwa la sì fi ṣe é, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ jàre. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ dáa lójú, ṣùgbọ́n ẹ wo máàpù inú ẹ̀: Áfíríkà rèé, àwọn ọfà pupa jáde lára ẹ̀, gbogbo wọn pátá kọjú sí Yúróòpù. Kò sí ọ̀kan tó ti Gánà wá sí Nàìjíríà, kò sí èyí tó ti ilẹ̀ Ìlàjẹ wá sí Èkó, ẹni tó bá wò ó á rò pé ẹnikẹ́ni tí omi bá lé nílé, Ìtálì ló ń lọ tààrà. Bẹ́ẹ̀ Báńkì Àgbáyé fúnra wọn sọ lọ́dún 2021 pé tó bá fi máa di 2050, àwọn tí ojú ọjọ́ máa lé kúrò níbùgbé wọn lè tó mílíọ̀nù 216, inú orílẹ̀-èdè tiwọn náà sì ni wọ́n máa ṣí lọ o, kì í ṣe òkè òkun, mílíọ̀nù 86 nínú wọn lè jẹ́ ti apá ibi tiwa yìí, ìsàlẹ̀ Sàhárà.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi, apẹja ni bàbá ẹ̀, apá ìlú Kẹ́ta létí òkun ní Gánà ni wọ́n ti wá. Ní November 2021, ìgbì òkun ya wọ Kẹ́ta àtàwọn ìlú tó wà nítòsí ẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sá jáde nílé. Ọmọ yìí ló ń ṣàlàyé fáwọn ọmọ Ẹ̀gùn tó jókòó tì í, èdè Ẹ̀wẹ̀ tiẹ̀ àti Ẹ̀gùn bára tan, ibi tí wọn ò bá ti gbọ́ ara wọn á fọwọ́ júwe ẹ̀, bí omi ṣe gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tí ààrò ìyá ìyá ẹ̀ wó sínú yanrìn, tí wọ́n ń fi ike gbọ́n omi títí apá fi ro wọ́n. Kíláàsì dákẹ́ fún un. Ìbéèrè tó wà nínú ìwé lọ́jọ́ yẹn wá ni pé kí wọ́n dárúkọ orílẹ̀-èdè Yúróòpù méjì táwọn tó ń ṣí kiri máa ń lọ. Òdo ló gbà.

Ohun tí mò ń sọ ni pé kí àjọṣe yìí kọ́kọ́ wáyé láàárín àwa àti Bẹ̀nẹ̀, àwa àti Tógò, àwa àti Gánà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yanrìn etí òkun yìí nìkan. Láti ìwọ̀ oòrùn ni òkun ti ń kó yanrìn bọ̀ lọ sí ìlà oòrùn, láti Gánà gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kó tó dọ́dọ̀ wa. Òkun ti ń jẹ Kẹ́ta tipẹ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n parí dáàmù Akosombo lọ́dún 1965, yanrìn tí odò Fọ́ltà ń gbé wá sí òkun dín kù, ló bá tún le sí i. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 wọ́n kọ́ èbúté Lomé ní Tógò àti ti Kútọnu ní Bẹ̀nẹ̀, ògiri èbúté dá yanrìn dúró lápá kan, òkun wá ń gbé ilé lápá kejì, ẹ bi àwọn ará Aneho ní Tógò tàbí àwọn tó ń gbé ìlà oòrùn Kútọnu. Lẹ́yìn wọn, àwa ló kàn. Báwo ni tíṣà Àgbádárìgì ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ nípa etí òkun tó wà níwájú ẹ̀ láìbá tíṣà Kútọnu sọ̀rọ̀? Ìjọba gan-an ò tíì ṣe dáadáa níbẹ̀ o, nígbà tí Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ owó WACA, ètò tí wọ́n fi ń dáàbò bo etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, lọ́dún 2018, orílẹ̀-èdè mẹ́fà ló kọ́kọ́ wọlé, Bẹ̀nẹ̀ wà níbẹ̀, Tógò wà níbẹ̀, Nàìjíríà ò sí.

Ìtàn náà ńkọ́? Ẹ bi àwọn ọmọ wa pé kí ni Ghana Must Go, báàgì ni wọ́n máa sọ fún yín. January 1983 ni ìjọba Shagari ní káwọn àjèjì tí ò níwèé máa lọ, àwọn ará Gánà bíi mílíọ̀nù kan di ẹrù, ojú ọ̀nà Ṣẹ̀mẹ̀ wa yìí lọ̀pọ̀ wọn gbà. Lọ́dún yẹn gan-an ọ̀dá ń jà ní Gánà, iná ń jó igbó àti oko kòkó, ebi wà nílẹ̀, ibẹ̀ là ń lé wọn padà sí. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan la burú, Gánà náà ti lé tiwa lọ́dún 1969 nígbà ìjọba Busia, àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Nàìjíríà ń sọ ìdajì tiẹ̀, Gánà ń sọ ìdajì tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tíṣà méjèèjì dúró síwájú àwọn ọmọ kan náà, kódà kó jẹ́ orí fóònù.

Òfin wà o. Àdéhùn Paris ti 2015 sọ ọ́ ní abala 12 pé káwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́, òfin ìyípadà ojú ọjọ́ Nàìjíríà tí Buhari buwọ́ lù ní November 2021 náà mẹ́nu bà á. Lọ́dún yẹn kan náà UNESCO wo ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè 100, ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún ni ò dárúkọ ìyípadà ojú ọjọ́ rárá.

Àwọn kan á ní Faransé ni wọ́n ń sọ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò lọ́hùn-ún. Àwa tíṣà ni Faransé ń dà láàmú, àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀ ń sọ Ẹ̀gùn, wọ́n ń sọ Yorùbá, ẹ kọ ìwé náà lédè méjèèjì kó tán.

Kí àwọn tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ wa kọ lẹ́tà sáwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, sùkúù méjì níbí, méjì lọ́hùn-ún, kí wọ́n mú igi àgbọn kan létí òkun, kí àwọn ọmọ máa wọn ibi tí omi dé sí i lóṣooṣù, kí wọ́n máa fi voice note ránṣẹ́ síra wọn. Tí àwọn ará òkè òkun bá fẹ́ bá wa sanwó dátà, ẹ ṣeun. Tí tíṣà kan ní Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́ bá sì ń ka ìwé ìròyìn yín, kó kọ̀wé sí yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ dè mí. September la máa wọlé, mo ti ra téèpù ìwọ̀n.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà kan ní Àjárá, Àgbádárìgì