Ìdáhùn sí ìbéèrè Bùsọ́lá

Bódìjà,
Ìbàdàn.

Bùsọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Kánádà o. Ara gbogbo wa le. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí, ẹrẹ̀ ọjà Bódìjà sì ti dé bí ìṣe rẹ̀.

O bi mí pé kí ló dé tí ara àǹtí rẹ ò fi lè bá jẹjẹrẹ jà. Ohun tí à ń wò ní láàbù gan-an nìyẹn.

A máa ń da sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sínú abọ́ pẹlẹbẹ, a ó bu omi oúnjẹ wọn lé e, omi pupa ni, a ó wá gbé e sínú ẹ̀rọ tó móoru tó ara èèyàn, ìwọ̀n 37 (kí iná má ṣáà ti lọ). Bí a bá tètè kó T cell tó dá jẹjẹrẹ náà mọ̀ sí i, ìyẹn ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ó máa ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí jẹjẹrẹ kọ́kọ́ pọ̀ kún abọ́ ná. Omi pupa yẹn á ti di àwọ̀ ìyeyè, ó ti kan nìyẹn. Jẹjẹrẹ ti lo ṣúgà inú rẹ̀, ó sì ti da lactic acid, ìyẹn èròjà kíkan kan, sí i, bí àlejò tó jẹ oúnjẹ onílé tán tó tún ṣu sí yàrá. Otto Warburg, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, ti rí ìwà yìí láàárín ọdún 1920 sí 1930. T cell náà ò sì lè jà láìsí ṣúgà. Kò kú o, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ á rọ, kò ní pọ̀ sí i mọ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé bí T cell bá ń jà, ó máa ń tú interferon síta, ìyẹn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Interferon yìí kan náà ló ń mú kí jẹjẹrẹ gbé èròjà kan tó ń jẹ́ PD-L1 sára, èyí tó máa ń di PD-1 mú, ohun tó dà bí ìjánu lára T cell, tí ìyẹn á sì dáwọ́ ìjà dúró. Láàbù Tasuku Honjo ní Kyoto, ní Jàpáàn, ló rí PD-1 lọ́dún 1992; òun àti James Allison ará Amẹ́ríkà gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2018. Oògùn tó ń dí PD-1 ti wà báyìí. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, owó rẹ̀ níbí ò sì ṣe é gbọ́ sétí.

Abọ́ kì í ṣe èèyàn ṣá. Nínú ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tún wà tó ń gbè sẹ́yìn jẹjẹrẹ.

Nígbà tó jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni ti àǹtí rẹ, bi dókítà wọn bóyá wọ́n ti yẹ PD-L1 wò lára ẹran ara tí wọ́n gé níbẹ̀. Àyẹ̀wò yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ oògùn tí wọ́n máa lò. Bá mi kí wọn dáadáa, kí o sì fi èsì ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Títílayọ̀