Fírì kì í dín epo kù: ẹ yé fìyà jẹ gíà ọ́tò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Iṣẹ́ gíà ọ́tò, gíà tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀, ni mò ń ṣe, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Oǹdó ní Àkúrẹ́ níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bí gíà bá ń yọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń pariwo tí ọkọ̀ kò sì lọ, tàbí tí rìfáàsì kò bá mú mọ́, ọ̀dọ̀ irú wa ni wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ wá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà títí ó fi sú mi. Wọ́n á ní ìwàásù mi ti pọ̀ jù. Bóyá bí wọ́n bá rí i nínú ìwé ìròyìn, wọ́n á gbà á.

Ọ̀rọ̀ fírì ló gbé mi wá. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí owó epo sì fò sókè, àwọn awakọ̀ wa ti sọ fírì di ọgbọ́n ìṣọ́wóná. Bí ọ̀nà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà sísàlẹ̀ báyìí, ọwọ́ ti dé orí ọ̀pá gíà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò ní D, gíà ìrìn iwájú, bọ́ sí N, tí í ṣe fírì, ọkọ̀ á wá máa yí lọ fúnra rẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdànrè, ẹ ó rí i. Àwọn tó ń gba Ẹ̀fọ̀n Aláayè kọjá náà mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀. Mo jókòó síwájú pẹ̀lú awakọ̀ kan níbẹ̀ tó fi Sienna sí fírì láti òkè, èrò kún inú ọkọ̀, ẹrù wà lẹ́yìn. Kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búrẹ́kì, òórùn rẹ̀ sì ti gba inú ọkọ̀ ká kí a tó dé ìsàlẹ̀. Mo ní, "Dẹ̀rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sí D." Ó ní, "Alàgbà, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi ra epo ni?"

Epo tó ń sọ yẹn gan-an ni kò yé e. Ọkọ̀ tó ń lo ínjẹ́kítọ̀, tí í ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ tọ́kùnbọ̀ tí à ń wà káàkiri ìlú yìí, kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo fún un. Bí ẹ bá wà ní D lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́túlù tí à ń tẹ̀ fún eré, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà yẹn. Kọ̀ǹpútà á rí i pé ẹ́ńjìnnì ń yí láìjẹun, á ti epo pa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sí fírì, ẹ ti já ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà, ó sì di dandan kó máa jó epo kó má baà kú. Ẹni tó ń sá fún epo ló ń jó epo! Ayé kábúrẹ́tọ̀, tí kò sí kọ̀ǹpútà tó ń wọn epo, ni wọ́n ti mú ọgbọ́n yìí wá, nígbà tí Peugeot 504 wà lóde, mi ò sì bá àwọn awakọ̀ ìgbà náà jà. Ọkọ̀ ti yí padà.

Èyí tó burú jù ni pé nínú fírì, ẹ́ńjìnnì kò bá yín di ọkọ̀ mú mọ́. Gbogbo ìwúwo ọkọ̀ àti èrò wà lórí búrẹ́kì nìkan, bí búrẹ́kì bá sì gbóná kọjá ààlà, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀ kó má mú. Àwọn kan tiẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì pátápátá. Irú wọn kò mọ̀ pé ọwọ́ ìdarí á le koko, àti pé lẹ́yìn títẹ̀ mélòó kan, búrẹ́kì á di nǹkan tí èèyàn ń fi gbogbo agbára itan tẹ̀. Ta ló ń lo 2 àti L, àwọn gíà kékeré tó wà lábẹ́ D? Mo ti rí ọkọ̀ tí eruku dì síbẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ irú èyí wà lára ohun tí wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹ dín eré kù lókè, ẹ fi í sí 2, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ yín á sinmi.

Èkejì ni yíyí gíà láàárín D àti R (rìfáàsì) nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn. Ẹ dúró sí ẹ̀bá Ọjà Ọba ní ọjọ́ Sátidé, kí ẹ wo àwọn tó ń yọ ọkọ̀ jáde. Ọkọ̀ ṣì ń fà sẹ́yìn, wọ́n ti já gíà sí D. Gbì! Ìyá kan tó ń ta aṣọ gbé Corolla wá fún mi, ó ní kò mú rìfáàsì mọ́ láàárọ̀. Mo tú páànù ìsàlẹ̀ gíà níwájú rẹ̀. Ọ́ìlì tó yẹ kó pupa bíi sobo ti dúdú, ó ń rùn, màgínẹ́ẹ̀tì inú páànù sì ti ru ẹrẹ̀ irin. Mo fi ìka gbá a, mo fi hàn án. Pléètì inú gíà ló jẹ tán bẹ́ẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ń fi dá ọkọ̀ dúró dípò búrẹ́kì. Ìyá ní, "Ọmọ mi ló ń wà á, kì í sáré." Mo gbà, kì í sáré lóòótọ́. Nígbà tí mo parí iṣẹ́ tí ọmọ náà wá gbé e, ojú mi ló ṣe fà sẹ́yìn láti ṣọ́ọ̀bù, tó sì já a sí D láìdúró. Mo kígbe mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Àwọn tó fi mánúwà, ọkọ̀ tí èèyàn ń fọwọ́ pààrọ̀ gíà rẹ̀, kọ́ ọkọ̀ náà ní tiwọn: ẹsẹ̀ òsì á máa wá kílọ́ọ̀ṣì tí kò sí nínú ọ́tò, búrẹ́kì ló sì máa ń bá pàdé, tí gbogbo èrò á forí sọ iwájú. Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì sinmi, ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́tò.

Ní ti P, ibi tí à ń fi gíà sí bí a bá páàkì, irin kékeré kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ló ń di gíà mú níbẹ̀. Bí ẹ bá páàkì sórí òkè, ẹ tẹ búrẹ́kì, ẹ fi sí N, ẹ fa háńbúrẹ́kì, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kí ọkọ̀ jókòó lé háńbúrẹ́kì, kí ẹ tó wá fi sí P. Háńbúrẹ́kì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Àkúrẹ́ ti kú, mo mọ̀. Ẹ tún un ṣe, owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá owó gíà.

Àwọn tó ń kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà nílùú yìí ni mo bẹ̀ jù. Mánúwà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, ọ́tò ni ọmọ ń lọ wà, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé ọ̀pá gíà fún un. Bí wọ́n bá mú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, màá gbé gíà tí mo ti tú jókòó, màá fi pléètì tó jẹ hàn wọ́n, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí n yẹ ọ́ìlì gíà rẹ̀ wò, kó wá kí ọ̀sán tó pọ́n. N kì í gba owó wíwò.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì gíà, ọ̀nà Oǹdó, Àkúrẹ́.